Ọ̀rọ̀ Ìgbà Kúkurú Nínú Ìtàn Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣèlérí ìkánjú a máa di ọ̀rọ̀ ìfalẹ̀ bó pẹ́ bó yá. Ní ayé àtijọ́, 'lójú ẹsẹ̀' ni 'soon' túmọ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni 'anon' àti 'presently'. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní òun ń bọ̀ lójú ẹsẹ̀ a máa pẹ́ kí ó tó dé. Ìlọ́ra rẹ̀ sì ran ọ̀rọ̀ náà.

'Moment' pàápàá ní ìwọ̀n rí: ní ọdún 725, àlùfáà Bede kọ ọ́ ní èdè Látìn pé 40 irú rẹ̀ ni ó wà nínú wákàtí kan.

Ọ̀rọ̀ mìíràn gba ọ̀nà òdìkejì. Ẹ̀fẹ̀ ni pípe ìgbà díẹ̀ ní mímì ìrù ọ̀dọ́ àgùntàn lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1940, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí ó ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì ní Amẹ́ríkà sọ 'shake' di ìdá kan nínú 100,000,000 ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀nà yìí kan náà ni 'ìṣẹ́jú' Yorùbá tọ̀: ojú tí a ṣẹ́ lásán di ìwọ̀n aago.

Nítorí náà, olùkọ́ kò gbọdọ̀ fi ìtumọ̀ òde òní ka ìwé àtijọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí ó wí pé 'presently' nínú eré Shakespeare kò fi iṣẹ́ falẹ̀. Ó ti dìde.