Bàálù Ìṣẹ́jú Méjì àti Ọ̀rọ̀ Ọ̀nà Abà Wa

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ọ̀nà abà wa délẹ̀ lórí WhatsApp, ẹnì kan béèrè pé, "Èèyàn mélòó gan-an ló wà níbẹ̀?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan dáhùn.

Ní àríwá Scotland, àwọn erékùṣù kan wà tó ń jẹ́ Orkney. Méjì nínú wọn ni Westray àti Papa Westray. Kìlómítà 2.7 péré ló wà láàárín pápákọ̀ òfurufú àwọn méjèèjì. Ẹ wò ó o: ọ̀nà tí bàálù ń sá lé kó tó gbéra ní Murtala Muhammed l'Ékòó gùn tó kìlómítà 3.9! Síbẹ̀, bàálù ń ná Westray sí Papa Westray. Ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Tí atẹ́gùn bá tì í lẹ́yìn, kì í pé ìṣẹ́jú kan. Èyí tó yá jù lọ gba ìṣẹ́jú-àáyá 53. Kò sí bàálù èrò tó ń ná ọ̀nà tó kúrú tó bẹ́ẹ̀ déédéé ní gbogbo ayé.

Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀? Ní 1934, Captain Fresson ń fi bàálù gbé lẹ́tà láti Inverness lọ sí Kirkwall, olú ìlú Orkney. Ní 1967, ilé iṣẹ́ Loganair bẹ̀rẹ̀ sí í ná àwọn erékùṣù kéékèèké náà. Bàálù wọn kò ju ti èrò mẹ́jọ lọ. Láti Kirkwall ló ti ń bọ̀, á já èrò sí erékùṣù kan, á sún díẹ̀ sí èkejì, bíi mọ́tò tó ń já èrò láti abà dé abà.

Ṣé torí pé èrò pọ̀ ni? Rárá o. Nínú ètò ìkànìyàn 2011, èèyàn 90 péré ló ń gbé Papa Westray. Owó tí èrò ń san nìkan kò lè gbé e. Owó ìjọba wà níbẹ̀. Ìdí ni pé olùkọ́ gbọ́dọ̀ débẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ débẹ̀, aláìsàn sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà dé ọsibítù ní Kirkwall, bí òkun tilẹ̀ ń ru.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tí mò ń bọ̀ rèé. A ò bèèrè bàálù. Ọ̀nà ìlú wa ti wà nílẹ̀. Kó kàn sún díẹ̀ sí i dé abà ni. Tí èèyàn 90 bá tó ka sí lọ́hùn-ún, ṣé àwọn tó ń gbin iṣu tí à ń jẹ ni kò tó?

Ẹ fi orúkọ abà yín, iye ilé tó wà níbẹ̀, àti bí ilé ìwé àti ilé ìwòsàn ṣe jìnnà sí wọn tó, ránṣẹ́ sí akọ̀wé kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé. Ìyẹn la máa kó lọ bá ìjọba ìbílẹ̀. Ìlú wa á dára o.