Orísun Orúkọ Àwọn Òkúta Iyebíye

Orúkọ òkúta iyebíye àti ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà lẹ́nu Yorùbá kò ti ibì kan náà wá. Wúrà, idẹ, bàbà, òjé àti tánganran ti wà lẹ́nu àwọn baba ńlá wa. Kán-ún bá àwọn oníṣòwò òkè Ọya wọlé láti agbègbè adágún Chad. Kanwa ni Hausa ń pè é. Sẹ̀gi tí ọ̀pọ̀ ń kà mọ́ òkúta kì í ṣe òkúta rárá. Gíláàsì ni, Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ́ ọ kí òyìnbó tó dé etíkun wa. Lántànà pupa tí àwọn oníṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ Ìlọrin máa ń gbẹ́ nígbà kan rí ni òkúta gidi.

Bíbélì ló kó èyí tó pọ̀ jù dé. Nígbà tí Bíbélì Yorùbá pé odindi ní 1884, òkúta méjìlá wà lára ìgbàyà Áárónì nínú Ẹ́kísódù orí 28. Àwọn olùtúmọ̀ kò wá orúkọ ìbílẹ̀ fún sáfírè, tópásì àti jásípérì. Bí wọ́n ṣe bá wọn ni wọ́n fi wọ́n sílẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí òǹkàwé má ro sáfírè inú òrùka òde òní: lapis lazuli, òkúta búlúù ilẹ̀ Afganísítánì, ni àwọn Gíríìkì àtijọ́ ń pè bẹ́ẹ̀. Gíríìkì náà ló ni dáyámọ́ńdì: adamas, èyí tí apá kò ká.

Tourmaline tí wọ́n ń wà ní Òkè-Ògùn, tí wọ́n sì ń tà ní Òjóò n'Íbàdàn, gba orúkọ rẹ̀ láti inú toramalli, ọ̀rọ̀ àwọn Sinhala ní Sri Lanka.

Orúkọ Nàìjíríà pàápàá di ti òkúta. Ẹ̀gbẹ̀, ìlú àwọn Yàgbà ní ìpínlẹ̀ Kogi òde òní, ni wọ́n ti rí ohun àlùmọ́ọ́nì kan tí tánganran wà nínú rẹ̀. Bannister, Hey àti Stadler kọ ìwé lé e lórí ní 1947, wọ́n pè é ní nigerite. Ẹ̀gbẹ̀ tó bí i kò rí orúkọ tirẹ̀ níbẹ̀. Bauchi ṣoríire jù ú lọ: Ọ̀jọ̀gbọ́n Mosobalaje Oyawoye, ọmọ Ọ̀fà tó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, sọ àpáta aláwọ̀ ewé dúdú tó rí lágbègbè náà ní bauchite.