Alántakùn Tógò

Ọdún 1900 ni Reginald Pocock, onímọ̀ ẹranko ní Lọ́ńdọ̀nù, sọ alántakùn ńlá onírun kan ní Heteroscodra maculata. Àwọn tó ń sìn ín nílé ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń pè é ní alántakùn Tógò, ṣùgbọ́n ibùgbé rẹ̀ gbòòrò dé Ìwọ̀-Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ ló ń kà á mọ́ ẹranko tó ṣọ̀wọ́n. Lójú tèmi, ohun tó fi ṣọ̀wọ́n lójú ènìyàn kò ju bí ara rẹ̀ ṣe rí àti irú ilẹ̀ tó ń gbé lọ.

Ẹ wo ara náà. Apá iwájú ló gbé ẹsẹ̀ mẹ́jọ, ojú mẹ́jọ tó kóra jọ sórí kókó kékeré kan, àti eyín oró méjì tó ń gún nǹkan láti òkè wá sísàlẹ̀. Inú ikùn tó wà lẹ́yìn ni ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró mẹ́rin àti ibi tí òwú ti ń jáde wà. Ẹsẹ̀ méjì tó kẹ́yìn ki pọ́pọ́ ju ti iwájú lọ, irun wẹ́wẹ́ abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ sì jẹ́ kí ó lè gun ibi tó ń yọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ funfun bí ẹfun, pẹ̀lú àbàwọ́n dúdú àti àwọ̀ ilẹ̀ káàkiri. Bó bá lẹ̀ mọ́ èèpo igi, ojú á kọjá lára rẹ̀ láìdúró. Kò ní irun ayúnni tí àwọn ìbátan rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ń gbọ̀n dà sí ọ̀tá lára, nítorí náà ìfarapamọ́, eré sísá àti oró ló gbára lé. Inú ihò igi tó fi òwú tẹ́ ló ń gbé lọ́sàn-án. Òru ló fi ń ṣọdẹ kòkòrò.

Ẹnìkan lè ní bó bá pọ̀ lọ́jà òkèèrè, kò ṣọ̀wọ́n rárá nìyẹn. Àtakò yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Tógò ti ń kó ẹranko ààyè ránṣẹ́ láti Lomé, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sin alántakùn yìí ti ń mú kó bímọ nínú àpótí lọ́hùn-ún, iye tó wà nínú àpótí kò sì lè sọ iye tó wà lórí igi. Ilẹ̀ gan-an ló yẹ kí a bi. Láti ìlà-oòrùn Gánà títí dé orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀dàn gé igbó ńlá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sí méjì, ó sì dé etí òkun. Atakpamé, ìlú kan ní Tógò tí àwọn Ifẹ̀ tí à ń pè ní Ana ń gbé, wà ní ẹnu ààlà igbó àti ọ̀dàn náà: òkè àti igbó Akposso ní ìwọ̀-oòrùn, ọ̀dàn ní ìlà-oòrùn. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀bá odò, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè àti oko kọfí tó ní igi ńlá ni ihò igi kù sí. Alántakùn orí igi lè pọ̀ ní àfonífojì kan, kí a má rí ẹyọ kan ní èyí tó tẹ̀ lé e.

Ó sì dùn mí pé oró rẹ̀ ni ayé mọ̀ ju igi rẹ̀ lọ. Lọ́dún 2016, àwọn olùwádìí yọ èròjà kan tí wọ́n ń pè ní Hm1a nínú oró náà, wọ́n sì fi hàn pé ojú ọ̀nà kan nínú iṣan ara, tí wọ́n ń pè ní Nav1.1, lọ́wọ́ nínú ìrora tí ìgúnni tàbí ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ń fà. Lọ́dún 2018, èròjà kan náà dín gìrì kù lára eku tó ní irú àìsàn gìrì kan tí wọ́n ń pè ní Dravet. Ilé ìṣàyẹ̀wò lè ṣe Hm1a fúnra rẹ̀ báyìí. Ihò igi àgbà tí wọ́n bá gé sun èédú nìkan ni kò sí ẹni tó lè ṣe.