Ẹ gùn ún wò kí ẹ tó sanwó: kẹ̀kẹ́ ológeere ní òkè Atakpamé, láti ayé Raleigh dé ayé VTT

Ìgbà ìwọlé ilé-ìwé ti ń sún mọ́lé, àwọn òbí sì ti ń bi mí ní ohun tí wọ́n máa ń bi mí lọ́dọọdún: irú kẹ̀kẹ́ wo ni kí àwọn rà fún ọmọ tó máa ti abúlé wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Atakpamé? Olùkọ́ ìtàn ni mí, n kì í ta kẹ̀kẹ́. Ìtàn ni mo máa fi dáhùn, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ní sùúrù fún mi.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé àwọn bàbá wa kì í gun kẹ̀kẹ́ wò kí wọ́n tó rà á, kò sì sí àléébù nínú ìyẹn láyé tiwọn. Àwa tí a ń ṣe bíi tiwọn lónìí ni a ń fi owó wa àti ara ọmọ wa ta tẹ́tẹ́.

Ẹni tí kò bá tíì dé ọ̀dọ̀ wa rí, kó mọ̀ pé àárín òkè ni Atakpamé wà. Àwọn àdúgbò àtijọ́, Gnagna, Djama àti Woudou, kò sí èyí tí èèyàn lè rìn já láì gun òkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀. Láti Agbonou, níbi tí àwọn ará Jámánì gbé ojú irin dé ṣáájú ogun 1914, títí dé àárín ìlú, orúnkún á sọ fún èèyàn. Tí a bá sì forí lé ìwọ̀-oòrùn, lọ́nà Amlamé àti Badou níbi tí kọfí àti kòkó ti ń wá, òkè gidi nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ tó ń rìn dáadáa ní Lomé, lórí ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́bàá òkun, kò tíì jẹ́rìí ara rẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Kẹ̀kẹ́ ológeere fúnra rẹ̀ kò dàgbà jù. Ọdún 1885 ni John Kemp Starley gbé Rover rẹ̀ jáde ní Coventry, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: ẹsẹ̀ méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣéènì tó ń yí ti ẹ̀yìn. Ọdún kan péré ṣáájú ìyẹn, 1884, ni àwọn ará Jámánì ri àsíá wọn mọ́lẹ̀ ní etíkun Tógò. Ní 1888 Dunlop mú táyà tó ní afẹ́fẹ́ nínú jáde ní Belfast. Kẹ̀kẹ́ àti ìjọba òyìnbó jọ dàgbà ni níbí. Ọwọ́ àwọn aláṣẹ, àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn akọ̀wé ilé òwò ni àwọn baba ńlá wa ti kọ́kọ́ rí i.

Ṣáájú Rover, nígbà tí pẹ́dà ṣì wà lára ẹsẹ̀ iwájú, irú èyí tí ilé Michaux ń ṣe ní Paris, àwọn tó ń tà á mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa ra ohun tí kò lè gùn. Nígbà tó fi máa di 1869, gbọ̀ngàn ti wà ní Paris àti ní New York tí oníbàárà ti lè kọ́ gígùn rẹ̀, kó ṣubú, kó dìde, kó tó pinnu bóyá òun á sanwó. Ní tèmi, àwọn gbọ̀ngàn wọ̀nyẹn ni ìyá gbogbo “ẹ gùn ún wò” tí à ń gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìlú òyìnbó títí dòní. Òwò náà wọ ọkọ̀ ojú omi wá sọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn kò bá a wá.

Nígbà tí Faransé ti gba ilẹ̀ yìí lẹ́yìn ogun, ilé òwò ńláńlá bíi CFAO, SCOA àti UAC wà lára àwọn tó ń kó kẹ̀kẹ́ wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Inú àpótí ló ti ń wá ní ẹ̀yà ẹ̀yà, wọ́n á sì tò ó pọ̀ tó bá gúnlẹ̀. Àgbẹ̀ tó ta òwú tàbí kọfí rẹ̀ á wọ ilé ìtajà, á nawọ́ sí èyí tó wù ú, á sanwó. Àwọn àgbà máa ń fi ẹ̀rín sọ ọ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ra kẹ̀kẹ́ nígbà náà ni kò mọ̀ ọ́n gùn. Wọ́n á tì í délé bí ẹni ń fa àgbò ọdún, àwọn ọmọ á máa sáré tẹ̀ lé wọn. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí baálé ilé tó máa kọ́ ọ níbi tí ojú kò pọ̀.

Kí ló dé tí wọn kò fi gùn ún wò? Nítorí pé ìdánwò ti parí kí wọ́n tó dé ṣọ́ọ̀bù. Raleigh tó ń ti Nottingham wá, bákan náà ni gbogbo rẹ̀ rí: dúdú, táyà 28, egungun irin tó wúwo tó sì le, bíréèkì onírin gbọọrọ tó ń fa rọ́bà mọ́ ẹsẹ̀. Peugeot ti Faransé náà ní orúkọ tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí Raleigh lè ṣe, á wo ti aládùúgbò rẹ̀ tó ti ru àpò àgbàdo fún ọdún mẹ́wàá. Orúkọ ni ẹlẹ́rìí. Ohun tó lè bàjẹ́ lára rẹ̀ kò sì pọ̀: kò sí wáyà, kò sí jíà tó ń fò káàkiri. Àwọn kan wà tó ní jíà mẹ́ta Sturmey-Archer nínú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, àmọ́ kì í ṣe irú ìyẹn ló pọ̀ lábúlé.

Ìdánwò tí wọ́n ń ṣe, iwájú Ògún ni. Láàárín àwa Yorùbá, irin tuntun kì í wọlé lásán, yálà ọkọ́ ni, ìbọn ni tàbí kẹ̀kẹ́. Wọ́n á ta omi sílẹ̀, ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a á pa àkùkọ. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Bí ẹ bá ṣe é tán, kí ẹ ṣáà tún yẹ bíréèkì wò.

Àwọn èèyàn wa pàápàá wà nínú òwò yìí, èyí tí àwọn ọmọ kíláàsì mi kì í fẹ́ gbà gbọ́. Ní àríwá Gánà, ní Tamale àti agbègbè rẹ̀, àwọn Yorùbá tó ti Ogbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì, Ṣakí àti Ìlọrin lọ ń ta aṣọ àti oríṣiríṣi ọjà, ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ sì wà nínú ohun tí wọ́n ń tà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn gba Tógò kọjá lọ sílé. Àwa tí a wà lójú ọ̀nà náà ń sọ̀rọ̀ ẹrù tí wọ́n pàdánù, a kì í sọ̀rọ̀ ìmọ̀ tó tú ká. Ẹni tó ti ń ta ṣéènì àti túùbù lójú kan fún ogún ọdún mọ orúkọ oníbàárà rẹ̀. Bí ó bá ta èyí tí kò dára, ó mọ̀ pé ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ni ẹni náà á gbé e padà wá, pẹ̀lú ẹnu. Níbi tí olùtajà àti oníbàárà bá ti mọra wọn báyìí, ojú ni ẹ̀rí, kò dìgbà tí èèyàn bá gùn ún wò.

Lẹ́yìn náà ni alùpùpù gba ojú ọ̀nà. Ní àsìkò wàhálà òṣèlú àti ìyanṣẹ́lódì 1992 sí 1993 ni sémìjàn gbilẹ̀ ní Tógò, kẹ̀kẹ́ wá di ti ọmọ ilé-ìwé àti ti ẹni tí kò rí owó epo san. N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

VTT ni mo fẹ́ dé. Orí òkè ni wọ́n bí i sí. Ní Marin County ní California, láàárín àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ kan ń ṣa kẹ̀kẹ́ Schwinn àtijọ́ tí táyà wọn sanra, wọ́n á gbé e gun òkè Tamalpais àti àwọn òkè ìtòsí rẹ̀, wọ́n á sì sáré sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà eléruku. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá 1976 wọ́n ṣe ìdíje lójú ọ̀nà kan tí wọ́n sọ ní Repack. Orúkọ náà nítumọ̀: bíréèkì àwọn kẹ̀kẹ́ yẹn wà nínú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn, ó máa ń gbóná débi pé gírísì inú rẹ̀ á di èéfín, wọ́n á sì ní láti tú u, kí wọ́n kó gírísì mìíràn sí i. Ní 1977 Joe Breeze ṣe egungun tuntun fún irú ìrìn yìí. Ní 1979 Gary Fisher àti Charlie Kelly dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, Tom Ritchey ló ń ṣe egungun fún wọn. Ní 1981 Specialized gbé Stumpjumper jáde, wọ́n sì ṣe é lọ́pọ̀ yanturu. Nígbà tó di 1996, ó ti wọ Olympic ní Atlanta. Ẹ ṣàkíyèsí pé òkè ló bí kẹ̀kẹ́ yìí. Àwọn tó ṣe é kò gba ẹ̀yà kankan gbọ́ àfi èyí tó bá bá wọn sọ̀ kalẹ̀ láì fọ́.

Èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ wa ńkọ́? Ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọkàsíọ̀n, ohun tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè ní tòkúnbọ̀, tó ń bá kọ̀ńtẹ́nà wọ èbúté Lomé. Ẹ má gbàgbé oṣù kìíní ọdún 1994, nígbà tí owó Faransé kan tó jẹ́ 50 sẹ́fà di 100 sẹ́fà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ohun tuntun tó ń ti ọ̀hún wá di ìlọ́po méjì lójú wa, ẹni tí kò ní lọ́wọ́ sì yíjú sí ohun tí ẹlòmíràn ti lò. Bẹ́ẹ̀ náà ni VTT tuntun olówó pọ́ọ́kú ń ti Ṣáínà wá, aláwọ̀ mèremère, tí sípíríìngì wà níwájú àti lẹ́yìn. Sípíríìngì yẹn ló ń tan ọmọdé jù. Ó ń wúwo, ó sì ń mì lábẹ́ ẹni tó ń gun òkè, agbára tó yẹ kó lọ sí táyà á bá ìmì yẹn lọ. Orúkọ tó wà lára kẹ̀kẹ́ kò jẹ́rìí mọ́, nítorí ẹ kò mọ ẹni tó lò ó, ẹ kò mọ iye ọdún tó fi lò ó, ẹ kò sì mọ ẹ̀yà tí wọ́n ti pààrọ̀.

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìnlá kan ní kíláàsì mi, tí abúlé rẹ̀ wà lọ́nà Amlamé, gba VTT tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rà fún un. Ẹ̀gbọ́n náà ní òun fẹ́ gùn ún wò, olùtajà ní rárá. Olùtajà gbé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ sókè, ó fi ọwọ́ yí pẹ́dà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń yí wìì, jíà ń bọ́ láti ọ̀kan sí òmíràn láìsí ariwo. Ó sanwó. Lórí òkè àkọ́kọ́, bí ọmọ náà ṣe dìde lórí pẹ́dà, ṣéènì fò, ó sì fi ẹnu lu irin ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Eyín iwájú kan lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Ṣéènì tó ti gùn sí i àti eyín jíà tó ti jẹ kì í fò nígbà tí kò bá sí ẹrù lórí wọn. Gbé kẹ̀kẹ́ sókè, á yí dáadáa. Gùn ún lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ní iwájú ṣọ́ọ̀bù, á ṣì yí dáadáa. Ìgbà tí gbogbo ara bá wà lórí pẹ́dà kan, tí òkè sì ń fà yín sẹ́yìn, ni irọ́ á tú. Nítorí náà, gígùn kẹ̀kẹ́ wò yípo ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe ìdánwò.

Ti bíréèkì tún wà níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tó ti Gẹ̀ẹ́sì wá, ọwọ́ ọ̀tún ló sábà máa ń di ẹsẹ̀ iwájú mú; èyí tó ti Faransé tàbí Jámánì wá, ọwọ́ òsì ni. Inú kọ̀ńtẹ́nà kan náà ni àwọn méjèèjì lè gbà dé. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọ̀kan, tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú èkejì, tó sì fún èyí tó rò pé ti ẹ̀yìn ni pọ̀ gírígírí, kẹ̀kẹ́ á dojú dé pẹ̀lú rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ àwọn ará Jámánì àti Holland mìíràn kò tilẹ̀ ní bíréèkì ẹ̀yìn lọ́wọ́, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń yí pẹ́dà padà kó tó dúró, bíi ti họ́ọ̀bù Torpedo tí Ernst Sachs ti ń ṣe láti ìgbà tí Jámánì ṣì wà lórí wa. Ẹ mọ̀ ọ́n kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n.

Olùtajà náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ o. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ kọjá kọ́nà lè má padà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ mú nǹkan lọ́wọ́ lọ: káàdì ìdánimọ̀ yín, díẹ̀ nínú owó náà, tàbí kí ẹ mú àbúrò yín dání, kó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù bí ìwọ̀fà títí ẹ ó fi dé. Èyí tó bá kọ gbogbo rẹ̀, ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ní Atakpamé níbí, àwọn tó ń ta kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn gùn ún dé orí òkè wà, àwọn náà ni mò ń júwe fún àwọn òbí.

Bí ẹ bá gba ọ̀nà, òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ gùn, ní ìjókòó, lẹ́yìn náà ní ìdúró, pẹ̀lú jíà tó fúyẹ́ jù. Ẹ wo irin tó ń ti ṣéènì lẹ́yìn bóyá ó ń kan ṣípóòkù nínú jíà yẹn. Tó bá ń kàn án, ó ti tẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ di bíréèkì kọ̀ọ̀kan mú lọ́tọ̀. Kí ọmọ tó máa gùn ún wà níbẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ láì jẹ́ pé irin òkè kàn án lábẹ́. Tí ẹ bá padà dé ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ tó yọ owó, ẹ yẹ ẹnu ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú túùbù wò. Ti VTT púpọ̀ dà bíi ti mọ́tò, ti Raleigh àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀, fọ́ńfù tó wà lábúlé yín sì lè má wọ̀ ọ́.