Ta ló dá ayé? Bí ẹ̀kọ́ ìṣẹ̀dá àwọn Kìrìsìtẹ́nì ṣe dé Niamey

Bí ẹ bá bèèrè lọ́wọ́ ará Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger, pé ta ló dá ayé, ìdáhùn kò ní pẹ́. Ẹni tó ń sọ èdè Zarma yóò ní "Irikoy" ni. Ẹni tó ń sọ Hausa yóò ní "Allah" ni. Bóyá Mùsùlùmí ni tàbí Kìrìsìtẹ́nì, orúkọ kan náà ni ẹ máa gbọ́.

Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Niger, Kìrìsìtẹ́nì ibẹ̀ kò sì tó nǹkan. Báwo wá ni ẹ̀kọ́ wọn nípa ìṣẹ̀dá ṣe dé ibẹ̀?

Ẹ̀kọ́ tó ti pẹ́ ní Áfíríkà

Kì í ṣe òyìnbó ló kọ́kọ́ mú ẹ̀kọ́ yìí wá sí Áfíríkà. Ọdún 354 ni wọ́n bí Augustine ní Thagaste, ní Algeria òde òní, tó bá Niger pààlà ní àríwá.

Bíṣọ́ọ̀bù yìí kọ́ni pé Ọlọ́run kò fi ohunkóhun tó ti wà tẹ́lẹ̀ dá ayé. Ó ní àkókò pàápàá jẹ́ ohun tí Ọlọ́run dá, àti pé ọjọ́ mẹ́fà inú ìwé Jẹ́nẹ́sísì kì í ṣe irú ọjọ́ tí a mọ̀.

Ṣùgbọ́n ọdún 1931 ni àwọn àlùfáà Kátólíìkì láti Dahomey, tó ti di Benin báyìí, tó dá ibùdó sílẹ̀ ní Niamey.

Orúkọ wo ni wọn yóò pe Ẹlẹ́dàá?

Yorùbá ti kojú ìbéèrè yìí rí. Samuel Ajayi Crowther rin Odò Ọya kan náà tó ṣàn kọjá ní Niamey, ọkọ̀ ojú omi wọn sì fọ́ nítòsí Jẹ́bà ní 1857.

Àwọn Yorùbá ti ní ìtàn Ọbàtálá tó mọ ènìyàn, àti ti iyanrìn tí wọ́n dà sórí omi ní Ilé-Ifẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Crowther ń túmọ̀ Bíbélì, kò wá orúkọ tuntun. Ọlọ́run, ẹni tó ni ọ̀run, ló lò. Odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884.

Bákan náà ni Bíbélì Hausa ti 1932 lo Allah. Ti Zarma, tó parí ní 1990, lo Irikoy. "Iri" ni "wa". "Koy" sì ni ẹni tó ni nǹkan, bíi "oní" tiwa. Ẹni tó ni wá ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀

Ẹ̀sìn méjèèjì gbà pé ọjọ́ mẹ́fà ni Ọlọ́run fi dá ọ̀run àti ayé. Bíbélì ní ó sinmi ní ọjọ́ keje. Kùránì ní àárẹ̀ kankan kò mú un. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ Kìrìsìtẹ́nì náà gbà pé ìsinmi yìí kì í ṣe ti àárẹ̀, iṣẹ́ ló parí.

Ìyàtọ̀ tó tóbi jù ni pé Kìrìsìtẹ́nì gbà pé nípasẹ̀ Jésù, tí í ṣe Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ni a fi dá ohun gbogbo. Mùsùlùmí ní Ẹlẹ́dàá kò ní alábàáṣe.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2015

Ní oṣù Kínní ọdún 2015, ìwọ́de lórí àwòrán tí ìwé ìròyìn Charlie Hebdo ní Faransé gbé jáde di rògbòdìyàn. Ó kéré tán, ènìyàn mẹ́wàá kú ní Zinder àti Niamey. Wọ́n dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì 45 ní Niamey nìkan.

Ààrẹ Mahamadou Issoufou, tí òun náà jẹ́ Mùsùlùmí, ní àwọn tó ṣe é kò mọ nǹkan kan nípa Ìsìláàmù. Àwọn olórí ìjọ kan sì sọ ní gbangba pé àwọn ti dárí jì wọ́n.

Jẹ́nẹ́sísì kan náà ló wà nídìí irú ìdáríjì bẹ́ẹ̀: àwòrán Ọlọ́run ni a dá gbogbo ènìyàn sí, àti ẹni tí wọ́n sun ilé ìjọsìn rẹ̀, àti ẹni tó ṣá iná sí i.