Ọ̀rọ̀ Ìdẹwò Kò Tò Bí Àkàsọ̀: Àgbéyẹ̀wò ‘Tempt’ àti Àwọn Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Èrò kan ń rìn kiri láàárín àwa tí a ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì àti ìtumọ̀, akẹ́gbẹ́ wa kan sì ti fi ìdánilójú gbé e jáde láìpẹ́ yìí: pé attract, tempt, entice, lure àti seduce kò ju ọ̀rọ̀ kan náà lọ, pé ìwọ̀n agbára nìkan ni ó yà wọ́n. Lójú tirẹ̀, attract ni ìsàlẹ̀ àkàsọ̀, seduce ni òkè. Bí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ bá ṣe fẹ́ kí ó gbóná tó ni yóò ṣe gùn ún tó. Àlàyé náà dùn ún kọ́ ọmọ iléèwé. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi sọ ọ́ pé kò tọ̀nà.

N kò ní fi àlàyé ohun tí ọ̀rọ̀ onítumọ̀ kan náà jẹ́ gba òǹkàwé lákòókò. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Hester Lynch Piozzi ti kọ ìwé lórí irú ọ̀rọ̀ báyìí ní 1794. George Crabb tẹ̀ lé e ní 1816, ó kó allure, tempt, seduce, entice àti decoy sábẹ́ àkòrí kan, ó sì gbìyànjú láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Roget dé ní 1852 pẹ̀lú Thesaurus rẹ̀. Oníṣègùn ni Roget, ohun tí ó sì kọ ìwé rẹ̀ fún ni kí ẹni tí ó ti mọ ohun tí ó fẹ́ sọ lè rí ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ọ́. Kò túmọ̀ ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Mo fura pé Roget ni akẹ́gbẹ́ wa kà, tí ó fi gbà pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá jọ jókòó lójú ìwé kan ti di ọmọ ìyá.

Orísun ọ̀rọ̀ kì í ṣe ìtumọ̀ rẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ó máa ń tọ́ka ọ̀nà. Inú Faransé àtijọ́ ni tempt ti wá, Látìnì temptare ni ó sì wà lẹ́yìn rẹ̀: kí a fọwọ́ kan nǹkan, kí a gbìyànjú rẹ̀ wò. Ìbátan rẹ̀ ni attempt. Seduce ni kí a mú ènìyàn yà kúrò lójú ọ̀nà. Nígbà tí ó kọ́kọ́ wọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó ń fa ọmọ-abẹ́ kúrò lẹ́yìn olúwa rẹ̀ ni wọ́n ń lò ó fún, kò tíì ní ọ̀rọ̀ ibùsùn nínú. Lure ni ó dùn jù. Àwọn ọlọ́lá Yúróòpù tí ń fi àṣá ṣọdẹ ni wọ́n ni ín: ìdì ìyẹ́ tí a so mọ́ okùn gígùn, tí a fi ẹran díẹ̀ há lára, tí ẹni tó ni àṣá ń fì yípo kí ẹyẹ tí ó ti fò lọ lè padà. Ẹyẹ náà á rí i, á rọ̀ wálẹ̀, á jẹ ẹran, wọ́n á sì tún mú un.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Ẹ fi ‘but I refused’ sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo èyí tí yóò gbà á. ‘He tempted me, but I refused’: kò sí ohun tí ó ṣe gbólóhùn náà. Ẹni náà rí owó, ọkàn rẹ̀ fà sí i, ó sì dúró síbi tí ó wà. ‘He lured me, but I refused’: etí Gẹ̀ẹ́sì á kọ̀ ọ́, nítorí pé lured ti gbé ẹni náà lọ kí but tó dé. Seduced náà rí bẹ́ẹ̀. Entice wà láàárín, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń fi ‘tried to’ ṣáájú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń fà kò bá wá. Tempt kì í sábà nílò irú àfikún yẹn. Ìgbìyànjú ti wà nínú rẹ̀ láti ilé.

Nítorí náà, lure kò lágbára ju tempt. Ìdẹwò lè le koko kí ẹni tí ó dé bá sì borí rẹ̀. Súìtì kan ṣoṣo sì tó láti fi lure ọmọdé. Ìbéèrè tí ó yà wọ́n ni ibi tí ẹni náà wà nígbà tí gbólóhùn parí: ṣé ó ṣì dúró ni, àbí ó ti lọ? Mo pe irú ti tempt ní ọ̀rọ̀-ìṣe ìfà, mo sì pe irú ti lure àti seduce ní ọ̀rọ̀-ìṣe ìfàdé. Ẹnìkan lè bi mí pé, ‘tempt into’ ńkọ́? Into ni ó ń gbé ẹni náà débẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò, tempt á padà sí àyè rẹ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára lure, ẹni náà ti lọ síbẹ̀síbẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti ṣe àlejò ní Ìlú Ọba rí á mọ ohun tí mò ń wí. Onílé gbé àwo bisikíìtì síwájú àlejò, ó ní, ‘Can I tempt you?’ Àlejò á kọ́kọ́ kọ̀, á ní òun ti yó. Kò ní pẹ́ á ní ‘Oh, go on then’, á sì mú méjì. Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni tempt níbẹ̀, nítorí pé ó fi ìpinnu sílẹ̀ lọ́wọ́ àlejò. Kí onílé fi seduce rọ́pò rẹ̀, bóyá àlejò á rẹ́rìn-ín, bóyá á máa wá bàtà rẹ̀. Bí ti àkàsọ̀ bá jẹ́ òótọ́ ni, bisikíìtì tí ó tóbi jù ni ì bá kàn jẹ́.

Ibì kan wà tí àkàsọ̀ náà ti fẹ́ dúró: ọ̀rọ̀-àpèjúwe. Tempting, enticing, alluring, seductive: kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó sọ pé ẹnikẹ́ni ti lọ, nítorí náà ìwọ̀n ìgbóná ni ó kù láti fi yà wọ́n. Ọ̀rọ̀-àpèjúwe sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àpẹẹrẹ akẹ́gbẹ́ wa.

Àwọn amòfin Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi ìyàtọ̀ ìfà àti ìfàdé ṣiṣẹ́ tipẹ́. Lumley, tí ó ń darí Her Majesty’s Theatre ní Lọ́ńdọ̀nù, pe Gye ti Covent Garden lẹ́jọ́ pé ó fi owó tí ó ju tòun lọ fa olórin Johanna Wagner kúrò nínú àdéhùn. Ní 1853 àwọn adájọ́ gbà pé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lè dúró. Enticed ni ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú ẹ̀sùn. Títí di 1970, tí òfin tuntun fi fagi lé e ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ lè gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá entice aya rẹ̀, bàbá sì lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó bá seduce ọmọ rẹ̀. Wọn kì í pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ lórí temptation lásán. Bí ọkàn aya bá fà sí ọkùnrin mìíràn, tí ó sì jókòó sílé rẹ̀, orí kí ni ọkọ fẹ́ dúró lé gba owó?

N kò sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó yẹ kí a tún yẹ Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Amẹ́ríkà wò, àti ọ̀rọ̀ ẹnu ojoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rí ṣe wà lónìí, ó jọ pé àkàsọ̀ náà kò ní ibi tí yóò fara tì láàárín ọ̀rọ̀-ìṣe, bí ó bá sì ti wọ ìwé iléèwé kankan, kí a yọ ọ́.

Ohun tí ó gba ọkàn mi báyìí ni Bíbélì. Bíbélì King James ti 1611 lo tempt fún ohun tí Ọlọ́run ṣe fún Ábúráhámù nínú Jẹ́nẹ́sísì 22. Àwọn tí wọ́n tún un ṣe ní 1885 fi prove rọ́pò rẹ̀, ti 1952 ní Amẹ́ríkà sì lo tested. Ìtumọ̀ àtijọ́, ìyẹn dídánwò, ti ń yọ́ kúrò lára tempt, ó ń ku ti Sàtánì nìkan. Ní 2017 Póòpù Francis pàápàá sọ pé ìtumọ̀ Àdúrà Olúwa tí ó mú kí ó dà bíi pé Ọlọ́run ni ó ń fa ènìyàn sínú ìdẹwò kò dára. Tiwa wá ńkọ́? Bíbélì Yorùbá lo dán wò fún ti Ábúráhámù, ó sì lo ìdẹwò nínú Àdúrà Olúwa, bíi pé àwọn atúmọ̀ ti ya méjèèjì nípá. Àmọ́ nínú Mátíù 4, nígbà tí wọ́n dojú kọ Jésù ní aginjù, dán wò ni wọ́n tún padà sí. Ṣé Àjàyí Crowther fúnra rẹ̀ ni ó yàn án bẹ́ẹ̀, àbí àwọn tí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀? Orí èyí ni àpilẹ̀kọ mi tí ń bọ̀ yóò dá lé. Ẹni tí ó bá ní Ìhìnrere Mátíù lédè Yorùbá tí a tẹ̀ ṣáájú 1900, kí ó jọ̀wọ́ kọ̀wé sí mi nípasẹ̀ olóòtú. Orí 4 àti orí 6 nìkan ni mo fẹ́ wò.