Ìṣákọ́lẹ̀ Lórí Pápá: Ta Ló Ni Ilé Tí 3SC Ń Gbé?

Bí àríyànjiyàn bọ́ọ̀lù bá ti bẹ̀rẹ̀ láàárín wa, kì í pẹ́ kó tó dórí Emirates. Arsenal ló kọ́ ọ, wọ́n kó wọ inú rẹ̀ ní 2006, tiwọn ni. Ẹlòmíràn a fèsì pé Manchester City kò ni Etihad, pé ìgbìmọ̀ ìlú Manchester ló ni ín, owó ni wọ́n ń san láti 2003, síbẹ̀ ife ẹ̀yẹ ń wọlé. Ibẹ̀ ni ariwo ti máa ń pọ̀. A fẹ́ gbé ìbéèrè náà wá sílé, nítorí ìtàn tiwa yàtọ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó ni pápá ló sábà máa ń ni ẹgbẹ́ náà pẹ̀lú. Ta ni yóò wá gba owó ilé lọ́wọ́ ara rẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká mú ti Ìbàdàn. Ní 1960, ọdún òmìnira, ni wọ́n ṣí Liberty Stadium. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ló kọ́ ọ, nígbà tí kòkó jẹ́ òpó tó gbé àpò ìjọba náà ró. Ẹni tó bá mọ Ìkirè àti Àpòmù mọ̀ pé ilẹ̀ kòkó ni. Bàbá àgbà ọ̀pọ̀ nínú àwa ará ọ̀nà Aṣéjire yìí ní kọ́bọ̀ tirẹ̀ nínú símẹ́ńtì pápá náà, bí wọn kò tilẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri. Ibẹ̀ ni Dick Tiger ti na Gene Fullmer ní oṣù kẹjọ ọdún 1963, tí gbogbo ayé ń wò wá.

Ẹgbẹ́ tó ń fi Liberty ṣe ilé láyé ìgbà náà ni èyí tí a mọ̀ sí 3SC lónìí. Ẹ wo bí orúkọ rẹ̀ ṣe ń yí. WNDC ló ń jẹ́ nígbà tó gba Challenge Cup ní 1971. IICC ló ń jẹ́ ní 1976, nígbà tó na Tonnerre ti Yaoundé 4-1 nílé, tí wọ́n na òun náà 1-0 lọ́hùn-ún, tó sì gbé ife Cup Winners' Cup ti Áfíríkà wálé. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà rí ṣáájú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba ló ni orúkọ méjèèjì. Ẹgbẹ́ náà kò tíì ni ara rẹ̀, ká tó wá sọ pé kó ni pápá.

Nígbà tó yá, Liberty bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ní 2010, Ààrẹ Jonathan sọ ọ́ ní Obafemi Awolowo Stadium. Adamasingba tí 3SC ń lò báyìí, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ni ín. Wọ́n fi orúkọ Lekan Salami, tó ṣe alága ẹgbẹ́ náà, sọ ọ́ ní 1998. Orúkọ alága ẹgbẹ́ wà lára ògiri, ìjọba ló ni ògiri.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan àwa gan-an nìyí. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Ìkirè àti Àpòmù bọ́ sí Ọ̀ṣun. Ẹgbẹ́ àti pápá dúró sí Ọ̀yọ́. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, 3SC gba CAF Cup, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa díje fún ife náà. Ṣé tiwa ni àbí ti àwọn aládùúgbò wa? Omi odò Ọ̀ṣun láti Aṣéjire ṣì ń gba inú páìpù lọ sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n lórí ìwé, àwa kọ́ la ni ẹgbẹ́ mọ́. (Irú ìjà yìí kò ṣàjèjì sí Àpòmù. Ọjà rẹ̀, tó wà lórí ilẹ̀ Ifẹ̀, tí Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú àti Òwu jọ ń ná, ni èdèkòyédè tó di ogun Òwu ti bẹ̀rẹ̀.)

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó ṣe wẹ́kú fún ipò tí 3SC wà ju owó ilé lọ: ìṣákọ́lẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè jókòó sórí ilẹ̀ onílẹ̀ títí dé ọmọ-ọmọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa lé e bó bá ń mú tirẹ̀ wá lọ́dọọdún. Ó lè gbin iṣu, ó lè gbin àgbàdo. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin kòkó tàbí obì láìgba àṣẹ, nítorí igi tó ń wà fún ogójì ọdún ń sọ ẹni tó gbìn ín di onílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹgbẹ́ tó wà nínú pápá ìjọba. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ Sunday ni iṣu àti àgbàdo rẹ̀. Ìsọ̀ yíká pápá, pátákó ìpolówó, ìjókòó tuntun, ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù fún àwọn ọmọdé: igi kòkó nìyẹn. Ẹgbẹ́ tí kò lè gbin kòkó kò ní yé nawọ́ sí gómìnà nígbà tí owó oṣù bá pé.

Ọ̀rọ̀ ayálégbé sì le ju ti alákọ̀ọ́lẹ̀ lọ. Coventry City fi Highfield Road sílẹ̀, wọ́n kó lọ sí pápá tuntun ní 2005, wọ́n ń san owó ilé. Ìjà owó ilé dé. Ní sáà 2013/14, ìlú Northampton ni wọ́n ti ń gba bọ́ọ̀lù tó yẹ kí wọ́n gbá nílé. Ó di 2025 kí wọ́n tó ra pápá náà.

Ṣé kí gbogbo ẹgbẹ́ kọ́ tirẹ̀ nìyẹn? Remo Stars ní tiwọn ní Ìkẹ́nnẹ́, ìlú Awólọ́wọ̀ gan-an, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára pápá Ìbàdàn. Pápá náà kò tóbi, ṣùgbọ́n àṣẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì gba líìgì Nàìjíríà ní sáà 2024/25. A kí wọn. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni pé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo, Kunle Soname, ni gbogbo rẹ̀ wà. A ti rí irú rẹ̀ rí. Leventis United ti Ìbàdàn gba líìgì àti Challenge Cup papọ̀ ní 1986. Ní 1987, ilé iṣẹ́ tó ni ín kó owó rẹ̀ kúrò, ẹgbẹ́ parẹ́. Abiola Babes gba Challenge Cup ní 1985 àti 1987. Orúkọ Abíọ́lá ṣì wà ní Abẹ́òkúta, lára pápá ìjọba ní Kútọ̀. Ẹgbẹ́ ńkọ́?

Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 sì ti fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ìwé ọdún 99 ni onílé tó lówó jù lọ pàápàá ń gbà. Nítorí náà, lójú tiwa, gbólóhùn inú ìwé ló yẹ ká máa jà lé lórí ju ọ̀rọ̀ "ó ni ín, kò ni ín" lọ. Ìwé 250 ọdún ni Manchester City gbà lọ́wọ́ ìlú. Ayálégbé tó ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè gbin kòkó. Kí ìjọba Ọ̀yọ́ kọ Adamasingba fún 3SC fún àádọ́ta ọdún ó kéré tán, kí ó wà nínú ìwé pé owó ìsọ̀ àti ti pátákó jẹ́ ti ẹgbẹ́, kí gómìnà tuntun má lè fi lẹ́tà kan ṣoṣo gbà á padà. Kí wọ́n sì pín ẹgbẹ́ fún àwọn alátìlẹyìn tó bá fẹ́ ra ìpín, díẹ̀díẹ̀.

Bí ọjọ́ títa ìpín náà bá sì dé, kí wọ́n má bèèrè ìpínlẹ̀ tí èèyàn ti wá. Ọ̀nà Ìbàdàn ṣì sún mọ́ Ìkirè ju ọ̀nà Òṣogbo lọ.